Igi Kò Ní Ẹsẹ̀: Ohun tí Òjò àti Màlúù Ń Ṣe sí Òrí, Irú àti Ọ̀gànwó Wa

Bí ẹ bá ka orí ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín sọ pé, "Kí ló kan ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá nínú ọ̀rọ̀ igi inú ọ̀dàn? Ṣé àgbẹ̀ ni wá ni?" A kì í ṣe àgbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ìsọ̀ yín. Ẹni tó ń ta òrí, ẹni tó ń ta irú, ẹni tó ń ta èèpo ọ̀gànwó fún àwọn alágbo, ara igi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ gbìn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹun. Àwọn igi wọ̀nyí hù fúnra wọn ní ọ̀nà jíjìn sí wa, ní Òkè-Ògùn, ní ilẹ̀ Kwárà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá owó láti fi kó òrí pamọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n, owó gbogbo wa ló gbé lé orí igi yẹn. Ẹni tó bá sì gbé owó lé nǹkan, ó yẹ kó mọ̀ bóyá nǹkan ọ̀hún ń gbèrú ni, tàbí ó ń kú lọ.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÀÀLÀ IGI?

Kò sí ẹni tí kò mọ Bọ́ńdìrì láàárín wa. Ààlà ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Igi náà ní bọ́ńdìrì tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ri òpó mọ́lẹ̀ fún un. Òjò, ẹ̀ẹ̀rùn, iná ìgbẹ́ àti irú ilẹ̀ ló pa ààlà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kùtọnu àti Lomé, ẹ ti fi ojú ara yín rí irú ààlà bẹ́ẹ̀ láìfura. Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó láàárín ọdún kan ju 1,500 mílímítà lọ. Bí ẹ bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá tí ẹ ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn létí òkun, òjò á máa dín kù, títí tí ẹ ó fi dé Lomé tí kì í tó 1,000. Ìdí nìyí tí igbó ńlá tó wà lọ́dọ̀ wa fi já sí méjì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí ọ̀dàn fi wá bá òkun, kí igbó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà. Ó tó nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn tí igbó ti já níbẹ̀, nígbà tí òjò dín kù. Òkun kan náà ni, etí omi kan náà ni. Òjò ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí igi òrí, tí àwọn ará òkè tún ń pè ní ẹmi. Ilẹ̀ rẹ̀ gùn láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Ùgáńdà àti Ẹtiópíà, ó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Ibi tí òjò ti wà láàárín bí 600 sí 1,400 mílímítà lọ́dún, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì gùn, ni ó fẹ́. Ààlà rẹ̀ méjì kò jọra. Ní òkè, níhà aṣálẹ̀, àìsí òjò ló dá a dúró. Ní ìsàlẹ̀, níhà ọ̀dọ̀ wa, òjò pọ̀, igi igbó ga jù ú lọ, wọ́n á ṣíji bò ó, bẹ́ẹ̀ oòrùn ni òrí fẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i ní Ṣakí, ní Ìgbòho àti Kìṣí, tí ẹ kò sì rí i ní Ìjẹ̀bú. Igi òrí ilẹ̀ Yorùbá, igi etí ààlà ni.

Kí ló dé tí etí ààlà fi ṣe pàtàkì? Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ rẹ̀, igi á fara da ọdún burúkú kan tàbí méjì. Létí ààlà, ó dà bí oníṣòwò tí èrè rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ lọ. Àdánù kékeré kan ti tó láti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

ỌWỌ́ ÒJÒ

Láti nǹkan bí ọdún 1968 títí dé 1973, ọ̀dá mú gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó tún padà wá ní 1983 àti 1984. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní 1963, kò tó 2,000 mọ́ láàárín àwọn ọdún 1980. Láti àwọn ọdún 1990 ni òjò ti padà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, á rọ̀ bí ẹni da omi láti inú garawa, á tún dáwọ́ dúró. Ooru náà sì ń pọ̀ sí i.

Ohun tí èyí ṣe sí igi, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Patrick Gonzalez, bi àwọn àgbà abúlé léèrè irú igi tí wọ́n mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945, ó sì wo èyí tó kù ní 1993. Irú igi 64 ló wà tẹ́lẹ̀. 43 ló bá. Àwọn igi tó ń fẹ́ omi púpọ̀ ti kúrò, àwọn tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ti gba ipò wọn. Ààlà náà ti sún tó kìlómítà 25 sí 30 síhà ibi tí òjò pọ̀ sí. Bí a bá pín in, ó tó ìdajì kìlómítà lọ́dọọdún.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí o: igi kò ní ẹsẹ̀. Igi àgbà kò lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ibi tí òjò ti kọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń rìn fún un. Àdán àti ẹyẹ á jẹ èso, wọ́n á ju kóró rẹ̀ sí iwájú díẹ̀. Bí kóró náà bá hù tó sì dàgbà, ààlà ti sún nìyẹn. Bí ọmọ kò bá yè, igi á pàdánù ilẹ̀ ní ẹ̀yìn, kò sì ní rí òmíràn gbà níwájú.

Ọ̀dá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa àgbà tó bí ó ti ń pa ọmọ. Gbòǹgbò igi àgbà ti jìn, ó mọ ibi tí omi wà. Èhù tó hù lọ́dún yìí, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì lọ jìnnà. Bí òjò bá tètè lọ, ọyẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti gbẹ ẹ́.

ẸNU MÀLÚÙ

Láyé àtijọ́, eṣinṣin tó ń fa àìsàn orun kò jẹ́ kí màlúù àti ẹṣin pẹ́ nínú igbó. Ìyẹn wà lára ìdí tí ẹṣin Ọ̀yọ́-Ilé fi lágbára ní ọ̀dàn tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò nínú igbó kìjikìji. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ dé fún màlúù, wọ́n ṣán igbó púpọ̀, ọ̀dá sì lé àwọn darandaran wá síhà ìsàlẹ̀ láti wá koríko. Nítorí náà, màlúù tó ń jẹko ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá nísinsìnyí pọ̀ ju ti ayé àwọn baba wa lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni màlúù àti ẹni tó ń dà á fi ń pa igi etí ààlà lára. Èkíní, ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù á jẹ èhù pọ̀ mọ́ koríko. Èkejì, pátákò wọn á tẹ ilẹ̀ le, omi òjò kò ní ráyè wọlé, kóró kò ní rí ibi rọ̀ hù sí. Ẹ̀kẹta ló burú jù: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá ti tán, darandaran á gun igi, á gé ẹ̀ka tó ní ewé tútù sílẹ̀ fún ẹran. Igi apá àti ọ̀gànwó ọ̀dàn ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n ṣì máa ń ní ewé tútù nígbà tí ọ̀pọ̀ koríko ti gbẹ. Ẹ̀ka tí wọ́n gé yẹn ló yẹ kó yọ òdòdó, kó so èso.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, kí a má gbè sápá kan. Màlúù ní oore tirẹ̀. Níbi tó bá ti jẹ koríko níwọ̀nba, iná ìgbẹ́ kì í rí nǹkan jó púpọ̀, iná kékeré kì í sì í pa èhù bí iná ńlá. Ẹran tó bá jẹ èso igi, á ya kóró rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ìgbẹ́ tó jẹ́ ajílẹ̀. Àjẹjù ló ń ba nǹkan jẹ́, ìyẹn kí ẹran pọ̀ jù níbi kan fún ìgbà pípẹ́. Kì í sì í ṣe màlúù nìkan. Àwọn tó ń sun èédú wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi katakata ro ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi mọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹran tí alápatà ń gé fún wa ní Ajégúnlẹ̀, ṣebí láti inú agbo yìí náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. A kò lè na ìka sí Fúlàní kí a máa jẹ ṣàkì lọ.

NÍGBÀ TÍ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ BÁ PÀDÉ

Òjò nìkan, igi lè fara dà á. Màlúù nìkan, igi lè fara dà á. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni wàhálà dé. Bí òjò bá kéré, koríko á kéré. Bí koríko bá kéré, gígé ẹ̀ka á pọ̀. Ọdún tí igi kò lágbára gan-an ni wọ́n ń gé e jù.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà kan, Orou Gaoue, pẹ̀lú Tamara Ticktin ti Yunifásítì Hawaii, ṣe ìwádìí lórí igi ọ̀gànwó ọ̀dàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007 àti 2008. Agbègbè méjì ni wọ́n lọ, èyí tó gbẹ àti èyí tó tutù díẹ̀. Àwọn Fúlàní ń gé ewé rẹ̀ fún màlúù, àwọn ènìyàn sì ń bó èèpo rẹ̀ fún oògùn. Wọ́n rí i pé níbi tí gígé àti bíbó ti pọ̀, igi kéékèèké kò pọ̀, èso sì dín kù. Igi àgbà ṣì dúró o. Ẹni tó bá ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ á ní igbó ṣì wà. Ṣùgbọ́n ìdílé tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀ mọ́ ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Igi tí kò lọ́mọ, ọmú ta ni yóò mu?

ÌDÍ TÍ ỌJÀ KÌ Í FI Í TÈTÈ MỌ̀

Ibi tó kan àpò wa gan-an nìyí. Igi òrí máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Kì í dé ojú agbára rẹ̀ títí yóò fi pé bí ọdún 40 tàbí 50. Ó sì lè lo ju 200 ọdún lọ láyé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Òrí tí ẹ ń wọ̀n sínú kọ́ńgò lónìí, púpọ̀ nínú àwọn igi tó so ó ti hù kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí gbogbo èhù bá ti ń kú láti ogún ọdún wá, ọjà kò ní fi hàn. Òrí á ṣì máa wọlé, iye owó lè máa lọ sókè sódò nítorí epo mọ́tò tàbí nítorí àjèjì tó ń rà á, àwa ó sì rò pé kò séwu. Ìgbà tí àwọn igi àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wó ni a ó tó mọ̀, ẹni tó bá sì gbin òmíràn lọ́jọ́ yẹn, ó di ogún ọdún kó tó rí èso.

Nítorí náà, iye àpò tó wọ ọjà kì í ṣe ìwọ̀n tó tọ́. Èhù ni ìwọ̀n tó tọ́. Níbi tí gbogbo nǹkan bá ti dára, ẹ ó rí igi àgbà díẹ̀, igi ọ̀dọ́ tó pọ̀ jù wọ́n lọ, àti èhù tó pọ̀ jù gbogbo wọn lọ. Bí ẹ bá rí igi àgbà nìkan, ẹ tètè fura. Kò yani lẹ́nu pé láti ọdún 1998 ni wọ́n ti kọ igi òrí sínú ìwé àwọn ohun alààyè tó wà nínú ewu ní àgbáyé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kó kóró òrí tútù jáde ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa sọ ọ́ di òrí nílé. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè yí ibi tí kóró ń lọ padà, láti wọ́ọ̀fù Àpápá sí ilé iṣẹ́ wa. Kò lè fi èhù kan kún ilẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá pọ̀ tí igi kò pọ̀, kí ni ilé iṣẹ́ yóò lọ̀?

KÍ NI ẸGBẸ́ LÈ ṢE?

Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Òjò ni igi ìsàlẹ̀. Àwa kò lè gbé e. Àjẹjù, èédú àti gígé ẹ̀ka ni igi òkè. Ọwọ́ ènìyàn ló wà.

1. Ẹ bi oníbàárà yín ní Ṣakí tàbí Kàíámà léèrè, kí ẹ tó san owó sílẹ̀: Ṣé èhù òrí wà nínú oko yín? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni iná ń jó ibẹ̀ lọ́dún? Ṣé wọ́n ń fi igi òrí sun èédú lágbègbè yín? Ìdáhùn wọn ṣe pàtàkì bí iye owó ọjà.

2. Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má ṣe jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ gbé lé ọjà kan ṣoṣo láti agbègbè kan ṣoṣo. Ọdún tí ọ̀dá bá mú ibẹ̀, gbogbo ẹni tó yá owó ni yóò jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà.

3. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èèpo ọ̀gànwó, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bó o. Igi tí a bó èèpo rẹ̀ yípo, ó ti kú. Èyí tí a bó lápá kan, tí a fi sílẹ̀ kó san, á tún mú òmíràn wá.

4. Kí a bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ẹlẹgbẹ́ wa ní Òkè-Ògùn ṣe àdéhùn. Ẹni tó bá dá èhù sí nínú oko rẹ̀, tó fi ẹ̀gún yí i ká kí ẹran má baà jẹ ẹ́, kí ó rí iye owó tó sàn díẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa. Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ní agbègbè Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, láti 1983 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má gé ohun tó bá rú lára kùkùté mọ́, kí wọ́n yan èyí tó dára kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Wọn kò ra irúgbìn, wọn kò gbẹ́ kòtò. Lẹ́yìn ogún ọdún, ilẹ̀ tí igi ti padà sí ju mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà lọ, ní orílẹ̀-èdè tí òjò rẹ̀ kéré gan-an sí tiwa.

5. Ọ̀rọ̀ darandaran ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin lórí fífi ẹran jẹko káàkiri ní 2019, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Òfin dára, ṣùgbọ́n màlúù kì í jẹ òfin. Bí kò bá rí koríko jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi ni olówó rẹ̀ yóò gùn. Koríko tí a gbìn, tí a gé pamọ́, ló lè gba igi sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará gàá gbọ́dọ̀ jọ jókòó sọ ọ́, kí àwa tí à ń jẹ ẹran sì mọ̀ pé ẹran tí wọ́n bọ́ báyìí lè wọ́n díẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará, orúkọ ẹgbẹ́ wa ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Alájẹṣẹ́kù ni wá: ẹni tó ń jẹ, tó sì ń ṣẹ́ kù. A kì í jẹ owó ìdókòwò, èrè là ń jẹ. Èso òrí ni èrè. Èhù ni owó ìdókòwò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán, kò ní ohun tí yóò fi ná ọjà mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ OṢÙ YÌÍ

(a) Èwo nínú àwọn ọjà tí à ń tà ló ń ti ara igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn wá? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

(b) Kí ló dé tí òrí fi lè pọ̀ lọ́jà nígbà tí igi rẹ̀ ń run lọ?

(d) Èwo ló sàn fún ẹgbẹ́ wa: kí a ra òrí tó pọ́ọ́kú lónìí, tàbí kí a fi díẹ̀ lé owó ẹni tó dá èhù sí? Kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mú ìṣirò tirẹ̀ dání.

(e) Ta ni nínú wa ló ní ará tàbí oníbàárà ní Òkè-Ògùn tí a lè kọ́kọ́ kọ̀wé sí?